Mo fẹ́ fi ọ̀gá ibi iṣẹ́ wa sùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ ń bà mí

Akọ̀wé Owó

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́. Ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo rí i pé wọ́n san owó ínfọ́ìsì kan náà lẹ́ẹ̀mejì fún agbaṣẹ́ṣe kan, àkáǹtì tí owó kejì sì wọ̀ kì í ṣe ti agbaṣẹ́ṣe náà rárá. Orúkọ ẹbí ọ̀gá wa ló wà lórí rẹ̀. Nígbà tí mo yẹ àwọn ìwé àtẹ̀yìnwá wò, mo tún rí òmíràn tó jọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kúkú gbé e sórí Facebook kí gbogbo ayé rí i. Ẹlòmíràn ní tí mo bá dán an wò, ọ̀gá máa pè mí lẹ́jọ́ pé mo ba òun lórúkọ jẹ́, wọ́n á sì bu owó lé mi lórí tí n kò ní san tán láyé mi. Mi ò fẹ́ dákẹ́, nítorí owó àwọn tí à ń ṣiṣẹ́ fún ni wọ́n ń kó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni òfin sọ? Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Agbẹjọ́rò Àgbà

Àbúrò mi, o ṣe ọkàn akin. Iṣẹ́ òfin ni mò ń ṣe, ẹjọ́ irú èyí sì ti gba ọwọ́ mi kọjá. Ohun tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ni pé adájọ́ kò ní wo ohun tí o sọ nìkan. Ẹni tí o sọ ọ́ fún ló máa kọ́kọ́ béèrè. Gbólóhùn kan náà lè kó ẹ sí wàhálà lójúde kí ó sì jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ níwájú ọlọ́pàá.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí òfin wọn ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Nàìjíríà, Ghana, Kẹ́ńyà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ní wọ́n ba òun lórúkọ jẹ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà dé etí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, pé òun ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, àti pé ó lè mú kí àwọn ọmọlúàbí fojú burúkú wo òun. Kò pọn dandan kí o dárúkọ rẹ̀ o. Bí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá ti lè dá a mọ̀ nínú ohun tí o kọ, ó ti tó. Ọ̀rọ̀ ẹnu sábà máa ń gba pé kí olùpẹ̀jọ́ fi àdánù tó bá a hàn, ṣùgbọ́n bí o bá pe ènìyàn ní ọ̀daràn, tí ọ̀ràn náà sì jẹ́ irú èyí tó ń gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n, kò ní láti fi àdánù kankan hàn mọ́. Ọ̀rọ̀ "olè" wà níbẹ̀.

Òfin yìí kan náà mọ̀ pé bí ẹ̀rù bá ń ba gbogbo ènìyàn, kò sí ẹni tó máa fi ọ̀daràn sùn mọ́. Nítorí ìyẹn ló ṣe ya ibì kan sọ́tọ̀. Ohun tí adájọ́, lọ́yà tàbí ẹlẹ́rìí bá sọ nínú ìgbẹ́jọ́, ẹnikẹ́ni kò lè torí rẹ̀ pe ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ ní 2008 pé ààbò pátápátá yìí bo ẹni tó lọ fi ẹjọ́ ọ̀daràn sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, ààbò náà ní ààlà. Ó dúró bí ẹni tó sọ̀rọ̀ bá ní ojúṣe láti sọ ọ́, tí ẹni tó gbọ́ ọ sì ní ojúṣe tàbí ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ọ. Ó máa wó lulẹ̀ bí wọ́n bá fi hàn pé inú burúkú lo fi ṣe é, bí àpẹẹrẹ pé o mọ̀ pé irọ́ ni, o sì sọ ọ́. Ìpínlẹ̀ California náà ti yí òfin tirẹ̀ padà láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021: ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ mọ́ ènìyàn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kò rí ààbò pátápátá lò níbẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ẹni tó lágbára láti wádìí ọ̀rọ̀ náà ni kí o kọ́kọ́ gbé e lọ. Facebook kò lágbára láti wádìí ohunkóhun.

Ọmọ Olódodo

Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ojú abẹ níkòó. Bí ẹni tí a fẹ́ fi sùn bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tí à ń fi í sùn fún ńkọ́? Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹnìkan kọ̀wé sí ibi tó yẹ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìwé yẹn ti wà lórí tábìlì ọ̀gá tó fi sùn. Kò sí ẹni tó bi ọ̀gá yẹn ní ohunkóhun títí ọ̀rọ̀ fi dé etí àwọn oníròyìn. Nígbà míì, ariwo ni òògùn wọn. Bí gbogbo wa bá ń dúró de ìwádìí, owó á ti tán.

Agbẹjọ́rò Àgbà

Ọmọ Olódodo, òótọ́ lo sọ, mi ò sì ní bá ẹ jiyàn pé irú ẹ̀ kò ń ṣẹlẹ̀. Ètò ni mò ń wí. Wo òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé kalẹ̀ ní 2019 láti dáàbò bo àwọn atanilólobó. Òfin yẹn kò sọ pé kí ènìyàn má lọ sọ́dọ̀ àwọn oníròyìn láé. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ síta yóò rí ààbò bí ó bá ti kọ́kọ́ fi sùn níbi tó yẹ, tí wọn kò sì ṣe ohun tó yẹ láàárín àkókò tí òfin fún wọn. Yóò tún rí ààbò bí ewu tó lè dé bá aráàlú bá wà nítòsí, tàbí bí ó bá ní ìdí pàtàkì láti gbà pé wọ́n máa gbẹ̀san lára òun tàbí pé wọ́n máa pa ẹ̀rí rẹ́. Ẹni tí o sọ ìtàn rẹ̀ yẹn, bó bá ní ìwé tó fi hàn pé òun ti kọ́kọ́ kọ̀wé síbi tó yẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró dáadáa níwájú adájọ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ayélujára kò ní ìwé yẹn lọ́wọ́.

Bákan náà, òfin ìbanilórúkọjẹ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2013 fi ààyè sílẹ̀ fún ohun tó bá kan ire aráàlú, bí ẹni tó gbé e jáde bá gbà pé ire aráàlú ni, tí ìgbàgbọ́ náà sì bọ́gbọ́n mu. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn ti dá ẹjọ́ Sullivan ní 1964, òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fẹ́ jàre ní láti fi hàn pé ẹni tó sọ̀rọ̀ mọ̀ pé irọ́ ni tàbí kò bìkítà bóyá irọ́ ni. Ṣùgbọ́n má ṣe ka òfin Amẹ́ríkà lórí fóònù kí o sì rò pé ó dé ibi tí o wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣi ẹsẹ̀ gbé báyìí.

Ìyá Aṣàyẹ̀wò

Ọmọ mi, iṣẹ́ àyẹ̀wò owó ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ohun tí o kọ sókè yẹn, pín in sí méjì. Apá kan ni ohun tí ojú rẹ rí. Apá kejì ni ohun tí ọkàn rẹ sọ nípa rẹ̀. "Wọ́n san owó ínfọ́ìsì yìí ní ọjọ́ báyìí, wọ́n tún san án ní ọjọ́ báyìí, iye báyìí ni, àkáǹtì tó ń jẹ́ báyìí ni owó kejì wọ̀." Ojú rẹ rí ìyẹn. "Ọ̀gá ń jalè." Ojú rẹ kò rí ìyẹn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé agbaṣẹ́ṣe náà jẹ ẹni yẹn lówó, ó wá kọ̀wé pé kí ẹ san owó òun fún un tààrà, ìwé náà sì wà nínú fáìlì tí ọwọ́ rẹ kò dé. Mo ti bá irú ẹ̀ pàdé lẹ́nu iṣẹ́. Bí o bá kọ "olè" sínú ìwé rẹ, o ti gbé ẹrù tí kò yẹ kí o gbé. Bí o bá kọ ohun tí o rí, tí o sì ní "mo bẹ̀ yín kí ẹ wádìí rẹ̀ nítorí mi ò rí ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀," àwọn olùwádìí ló kù tó máa gbé e.

Bí wọ́n bá sì sọ nǹkan fún ẹ, kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ àti ẹni tó sọ ọ́. Má fi ọ̀rọ̀ tìrẹ kún un. Má ṣe kọ pé ọ̀gá rẹ lójú kòkòrò, má ṣe kọ nípa ìyàwó rẹ̀, má sì ṣe rántí ìjà tí ẹ jọ jà nípa ìsinmi. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ìwé tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti wọ̀ ni a kọ́kọ́ máa ń fura sí, bí ọ̀ràn inú rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Lọ́yà ọ̀gá rẹ á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, nítorí o ti fi ọwọ́ ara rẹ kọ ẹ̀rí pé inú burúkú lo fi ṣe é.

Ní ti ẹ̀rí, èyí tí iṣẹ́ rẹ fún ẹ láṣẹ láti rí ni kí o dúró lé. Má ṣe wọ inú ìmeèlì ẹlòmíràn, má ṣe lo páásíwọ́ọ̀dù ẹlòmíràn, má sì ṣe kó fáìlì gidi kúrò ní ọ́fíìsì. Kọ nọ́ńbà ínfọ́ìsì náà, ọjọ́, iye owó, àti ibi tí ìwé náà wà sínú ìwé tìrẹ, kí o sì kọ ọjọ́ tí o rí i. Bí ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀ nígbà tí o rí i, kọ ọ́ sílẹ̀. Olùwádìí tó mọ ibi tí yóò wò máa rí ìyókù fúnra rẹ̀.

Abẹ́ Òfin

Mo fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ Màmá pátápátá. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí òfin sọ tì í lẹ́yìn.

Òfin Yúróòpù tí Ẹ̀gbọ́n mẹ́nu bà kò dáàbò bo ẹni tó bá dá ọ̀ràn kó tó rí ẹ̀rí gbà, bíi kí ó fọ́ ibì kan wọlé. Ẹ tún ṣọ́ra nípa gbígba ohùn ènìyàn sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ní Jámánì àti California, ọ̀ràn ni. Ní ibòmíràn ó ṣeé ṣe. Ẹ béèrè kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.

Ní Nàìjíríà, ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù jáde ní ìlànà tirẹ̀ lábẹ́ abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011. Ó ń fẹ́ ìwé ìjẹ́rìí nípa ẹ̀rọ tó ti jáde àti bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwòrán ojú fóònù tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín kì í sábà dé ibì kankan. Ẹ tọ́jú ti àkọ́kọ́.

Ohun tí àwọn ènìyàn kò mọ̀ rèé. Wọ́n máa ń sọ pé "òtítọ́ ni mo sọ, kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe?" Lóòótọ́, òtítọ́ jẹ́ ààbò pípé nínú ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ lábẹ́ òfin tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ìwọ tó sọ ọ́ lo máa fi hàn pé òtítọ́ ni. Kì í ṣe olùpẹ̀jọ́ ló máa fi hàn pé irọ́ ni. Abala 135 nínú Òfin Ẹ̀rí kan náà ní Nàìjíríà tún sọ pé bí ọ̀rọ̀ ọ̀ràn dídá bá ti jẹ́ kókó nínú ẹjọ́, ì báà jẹ́ ẹjọ́ lásán láàárín ènìyàn méjì, wọ́n gbọ́dọ̀ fi í múlẹ̀ kọjá iyèméjì. Ẹ fojú inú wò ó: ìwọ nìkan, láìsí ọlọ́pàá, láìsí àṣẹ láti yẹ àkáǹtì báńkì ẹnikẹ́ni wò, ni wọ́n ní kí o fi ìwà ọ̀daràn múlẹ̀ tó ìwọ̀n tí ìjọba fi ń sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí àjọ tó ń gbógun ti ìwà jẹgúdújẹrá fi sàn jù. Wọn kò ní kí o fi ohunkóhun múlẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí o gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, kí o sì ní ìdí tó mọ́gbọ́n wá.

Ní Japan àti South Korea, òtítọ́ nìkan kò tilẹ̀ tó láti yọ ènìyàn nínú ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó kan ire aráàlú pẹ̀lú.

Oníbéèrè Kékeré

Ẹ jọ̀ọ́, bí mi ò bá kọ nǹkankan fúnra mi ńkọ́? Bí mo bá kàn fi ohun tí ẹlòmíràn kọ ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp, tí mo sì kọ "wọ́n ní" sókè rẹ̀?

Abẹ́ Òfin

Kò yọ ẹ́. Lábẹ́ òfin, ẹni tó tún ọ̀rọ̀ sọ dàbí ẹni tó sọ ọ́ ní àkọ́kọ́, gbogbo ìgbà tí o bá sì fi í ránṣẹ́ ló di títẹ̀ jáde tuntun. "Wọ́n ní" kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ adájọ́.

Akọ̀wé Owó

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Màmá, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín in sí méjì bí ẹ ṣe wí, ó sì yà mí lẹ́nu bí apá kejì ṣe pọ̀ tó. Ìbéèrè mi tó kàn: ṣé mo lè fi orúkọ mi pamọ́? Bí wọ́n bá sì lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Èmi ni mò ń gbọ́ bùkátà ilé.

Ẹ̀ṣọ́ Àṣírí

Àbúrò, ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀, wọn kò sì jọra. Ó lè jẹ́ pé àwọn tí o fi sùn fún mọ̀ ọ́ ṣùgbọ́n wọn kò ní dárúkọ rẹ. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́ rárá. Èmi fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ níbi tí àjọ náà bá ṣeé fọkàn tán. Ìwé tí kò ní orúkọ kò ṣeé padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ láti béèrè ohun tó rúni lójú, wọ́n sì tètè máa ń jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí wọ́n bá sì lé ẹ níbi iṣẹ́ nígbà tó yá, ó máa ṣòro láti fi hàn pé torí ìwé tí kò ní orúkọ yẹn ni. Síbẹ̀, òfin Yúróòpù sọ pé ẹni tó fi orúkọ pamọ́ tí wọ́n wá dá mọ̀ lẹ́yìn náà yóò rí ààbò bíi ti àwọn yòókù.

Ní Nàìjíríà, òfin tó dá EFCC sílẹ̀ ní abala tó ní wọn kò lè fipá mú òṣìṣẹ́ àjọ náà láti dárúkọ ẹni tó ta wọ́n lólobó àyàfi bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Òfin ICPC ti 2000 náà pa orúkọ ẹni tó bá fi ẹjọ́ sùn mọ́ ní abala 64, ó sì fi ìjìyà sílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ sùn wọ́n.

Ní ti ẹ̀rọ: má ṣe fi kọ̀ǹpútà tàbí íntánẹ́ẹ̀tì ibi iṣẹ́ kọ ìwé náà. Má ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n bá tẹ̀ àti fáìlì tí wọ́n bá ṣí. Fáìlì tí o bá kọ ìwé sí tún lè gbé orúkọ rẹ sínú ikùn rẹ̀ láìjẹ́ pé o rí i. Bákan náà, ronú nípa ohun tó jẹ́ pé ìwọ nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ ènìyàn méjì péré ló ń rí ìwé náà, orúkọ tí o fi pamọ́ kò pamọ́.

Má sì sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti dá gbé e. Bá lọ́yà sọ ọ́, nítorí òfin so lọ́yà lẹ́nu. Ohun tí mò ń sọ yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù kẹjọ 2021, wọ́n yìnbọn pa Babita Deokaran níta ilé rẹ̀ ní Johannesburg. Òṣìṣẹ́ ìnáwó ni òun náà, ní ẹ̀ka ìlera ìpínlẹ̀ Gauteng, ó sì ń ran àwọn olùwádìí lọ́wọ́. South Africa, orílẹ̀-èdè rẹ̀, ní òfin ààbò fún àwọn atanilólobó láti 2000. Bí ohunkóhun bá jọ ìdẹ́rùbà, sọ ọ́ fún àwọn olùwádìí lọ́jọ́ náà gan-an, má ṣe rò pé ó kéré.

Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́

Ní ti iṣẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òfin láti 1998 tó sọ pé bí wọ́n bá lé ènìyàn torí pé ó tú àṣírí ìwà tó lòdì sí òfin, ìlékúrò náà kò bófin mu, owó gbà-má-bínú tí wọ́n lè san fún un kò sì ní òpin. Àdéhùn tí wọ́n bá ní kí o fọwọ́ sí pé o kò ní sọ̀rọ̀ kò sì lágbára tó bá jẹ́ irú àṣírí bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ bò mọ́lẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń wò ó bóyá inú rere lo fi sọ ọ́. Láti 2013, ire aráàlú ni wọ́n ń wò. Inú tí o fi ṣe é lè dín owó tí o máa gbà kù, kò lè lé ẹjọ́ rẹ sọnù. Ghana ní tirẹ̀ láti 2006. Ní Yúróòpù, bí wọ́n bá jẹ ẹni tó fi ẹjọ́ sùn níyà, agbanisíṣẹ́ ni yóò fi hàn pé ohun mìíràn ló fà á.

Ní Nàìjíríà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ìlànà tí Ilé Iṣẹ́ Ìṣúná gbé jáde ní oṣù kejìlá 2016, tó ṣèlérí ìdá 2.5 sí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá gbà padà, ìlànà lásán ni. Kì í ṣe òfin tí ilé aṣòfin ṣe. Lóòótọ́, òun ló bí owó tó lé ní mílíọ̀nù 43 dọ́là tí wọ́n bá nínú ilé kan ní Ìkòyí ní 2017. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́, ìlànà kò rí bí òfin. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè fẹ̀yìn ti abala 27 nínú òfin òmìnira ìròyìn ti 2011, tó dáàbò bo ẹni tó bá fi inú kan tú àṣírí ìwà ọ̀daràn tàbí ìjẹgúdújẹrá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àdáni kò ní nǹkan tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa pé kí wọ́n má ṣe torí owó ẹ̀bùn fi ẹnikẹ́ni sùn. Kì í ṣe pé ó burú lábẹ́ òfin. Amẹ́ríkà ń san ìdá 10 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹni tó bá ta SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín ìdókòwò wọn, lólobó tí owó ìtanràn náà sì ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ṣùgbọ́n owó náà pẹ́ kó tó jáde, ìyà a sì ti dé ṣáájú rẹ̀. Tọ́jú ìwé tó yìn ẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sí ọwọ́ báyìí, àti àbájáde àyẹ̀wò iṣẹ́ rẹ ti ọdọọdún. Bí wọ́n bá ní o kò mọ iṣẹ́ lẹ́yìn tí o fi ẹjọ́ sùn, àwọn ìwé yẹn ló máa dá wọn lóhùn.

Wọ́n Kọ̀wé Sí Mi

Mo fẹ́ sọ ti ẹni tí lẹ́tà lọ́yà ti dé bá, nítorí ó dé bá èmi. Mo fi ẹjọ́ sùn, lẹ́tà sì dé pé kí n tọrọ àforíjì nínú ìwé ìròyìn kí n sì san owó ńlá. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Lọ́yà mi ní lẹ́tà kì í ṣe ìdájọ́. Ohun tó ní kí n ṣe ni pé kí n kọ ọjọ́ tí lẹ́tà dé sára rẹ̀, kí n má fèsì fúnra mi, kí n má pa ohunkóhun rẹ́ nínú fóònù tàbí ìmeèlì, kí n má sì gbé lẹ́tà náà sórí ayélujára. Ó fèsì ní ojú ewé kan péré, pé ọ̀dọ̀ àjọ tó yẹ nìkan ni mo ti sọ̀rọ̀, àti pé òun ti ṣe tán láti gba ìwé ìpẹ̀jọ́. A ò gbọ́ ohùn wọn mọ́.

Ẹjọ́ wà tí wọn kì í pè láti jàre. Wọ́n kàn fẹ́ kí owó lọ́yà tán lọ́wọ́ rẹ kí o sì dákẹ́. Nígbà tí wọ́n pa Daphne Caruana Galizia, akọ̀ròyìn ilẹ̀ Malta, ní 2017, ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ ju ogójì lọ. California ní òfin láti 1992 tó ń jẹ́ kí adájọ́ tètè da irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nù. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe tiwọn ní 2024. Ẹ bi lọ́yà yín bóyá irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín.

Agbẹjọ́rò Àgbà

Ọ̀rẹ́ wa sọ ọ́ re. Èmi á fi ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá kún un, nítorí níbi púpọ̀ olówó kì í lọ sí ilé ẹjọ́, àgọ́ ọlọ́pàá ló ń lọ. Ní Nàìjíríà, òfin ọlọ́pàá ti 2020 ní abala 32 kò jẹ́ kí wọ́n mú ènìyàn torí aáwọ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ìbanilórúkọjẹ́ ṣì wà nínú ìwé òfin ọ̀daràn ní abala 375: ẹ̀wọ̀n ọdún kan, ọdún méjì bí ẹni náà bá mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n tún máa ń lo abala 24 nínú òfin ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015. Ilé Ẹjọ́ ECOWAS ní 2022 sọ pé abala yẹn tako òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024 kí ó lè mọ ní ìwọ̀n. Ní 2014, Ilé Ẹjọ́ Ilẹ̀ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn sọ nínú ẹjọ́ Konaté, akọ̀ròyìn Burkina Faso, pé fífi ènìyàn sẹ́wọ̀n torí ìbanilórúkọjẹ́ ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá pe ìwọ náà sí àgọ́, má ṣe dá lọ, má sì ṣe kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ kí lọ́yà rẹ tó dé.

Wọ́n Purọ́ Mọ́ Mi Rí

Ẹ má bínú, mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti òwúrọ̀. Èmi wà ní òdìkejì. Ẹnìkan kọ ọ́ sórí ayélujára pé mo kó owó ẹgbẹ́. Kò lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kò lọ sọ́dọ̀ aṣàyẹ̀wò kankan, nítorí náà kò sí ẹni tó wádìí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó dá mi láre. Àwọn ọmọ mi kà á nílé ìwé. Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá ló fi mí sùn fún, wọn ì bá ti pè mí, wọn ì bá ti wo ìwé mi, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Mo fẹ́ kí àbúrò wa fi ọ̀gá rẹ̀ sùn o. Mo kàn ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ níbi tí ọkùnrin yẹn náà ti lè sọ tẹnu rẹ̀.

Ìyá Aṣàyẹ̀wò

Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú. Gbogbo ẹni tó ń ka ibí, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Akọ̀wé Owó

Mo ti kà á, ó sì wọ̀ mí lára. Mo ti kọ ìwé mi, ojú ewé kan ni, kò sí "olè" nínú rẹ̀. Lọ́yà tí mo rí sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun máa kà á kí n tó fi í ránṣẹ́ sí àjọ tó ń bójú tó irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìbéèrè kan ló kù: bí wọn kò bá fèsì, ìgbà wo ni kí n dúró dà kí n tó lọ sí ibòmíràn?

Agbẹjọ́rò Àgbà

Lábẹ́ òfin Yúróòpù, láàárín ọjọ́ méje ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ pé ìwé rẹ dé, kí oṣù mẹ́ta tó pé ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ fún ẹ. Níbi tí òfin kò ti dá ọjọ́, dá a fúnra rẹ: kọ ọ́ sí ìparí ìwé náà pé o ń retí èsì kí oṣù mẹ́ta tó pé, lẹ́yìn náà o máa gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó wà lókè wọn. Bí o bá fi ọwọ́ mú un lọ, tẹ ẹ̀dà méjì. Fi ọ̀kan sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ mọ́ èkejì kí o tó kúrò níwájú wọn.